Èsì láti ṣọ́ọ̀bù: Alhaja, ti Dìsẹ́ńbà lẹ jàre

Ẹ kú ọjà o, Alhaja. A ti rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fún wa ní Ọ̀ffà níbí. Ẹ ní òjòró ni ráfù wa, pé ìyàwó àbúrò mi ló jẹ fírísà ní Dìsẹ́ńbà, àti pé blockchain (àkọsílẹ̀ owó Bitcoin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè kà) tí a fi fa ti jẹnẹrétọ̀ lóṣù yìí, ọgbọ́n àyínìke ni.

Ti Dìsẹ́ńbà, ẹ jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìwé ló tán lọ́wọ́ ọmọ tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì, ló bá fi páálí mílíìkì gé ìyókù. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó àbúrò mi. Nínú ike, ìwé rọ̀, páálí le. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, èwo lẹ rò pé yóò mú? Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú ẹ̀ ní Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1980: wọ́n rọ ọ̀dà sínú bọ́ọ̀lù lọ́tìrì kó lè wúwo, àfi ti 4 àti 6. 666 ló jáde.

Ìdí nìyẹn tí a fi yọwọ́ èèyàn kúrò. Lọ́jọ́ Ẹtì, a lẹ tíkẹ́ẹ̀tì 412 mọ́ ògiri, pẹ̀lú nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù Bitcoin kan (bí ojú ìwé kan nínú àkọsílẹ̀ yẹn) tí kò tíì délé ayé. Bí ìṣẹ́jú 10 síra ni wọ́n ń dé, oníkálukú pẹ̀lú àmì gígùn tí wọ́n ń pè ní hash, tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ ṣáájú. Nígbà tí tiwa dé, a mú lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn nínú hash ẹ̀, kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di òǹkà, a fi 412 pín in, a fi ẹyọ kan kún ohun tó ṣẹ́kù. 304 ni. Tiyín ni 187, ẹ máà bínú. Ọmọ yín tó wà ní Pólì lè tún un ṣírò lórí fóònù.

Ẹ ní bí àwọn tó ń wa Bitcoin, ìyẹn àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe búlọ́ọ̀kù, bá bá wa lẹ̀dí àpò pọ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá da búlọ́ọ̀kù kan nù kí èèyàn wa lè jẹ, Bitcoin 3.125 tó jẹ́ èrè búlọ́ọ̀kù kan ló dà nù yẹn. Nítorí jẹnẹrétọ̀? Owó yẹn á ra ṣọ́ọ̀bù yìí, á ra ti aládùúgbò mi mọ́ ọn.

Ohun tí hash ò lè mọ̀ ni bí mo bá ti ti tíkẹ́ẹ̀tì ayédèrú bọ inú 412 yẹn. Ìyẹn la fi kọ nọ́ńbà rìsíìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ó ṣì wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà iná. Ẹ wá kà á.

Fírísà ti Dìsẹ́ńbà ò ṣe é gbà padà mọ́, ẹja ti kún inú ẹ̀. A ó ra òmíràn, a ó sì fi ìlànà tuntun yìí tún un fà. Nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù á wà lára ògiri ní Ẹtì tó ń bọ̀. Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì yín dání, ìbáà ṣe páálí.