Ambásádọ̀ Jẹ Iyán Àwìn

(Ìsọ̀ oníyán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Àtàkúnmọ́sà, Iléṣà. Ambásádọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń polówó yunifásítì rẹ̀, wọlé: tíṣáàtì, fìlà, káàdì lọ́rùn, ìwé pélébé gbọ̀ngbọ̀n lápá. Gbogbo yín mọ irú ọmọ yìí.)

AMBÁSÁDỌ̀: Mọ́mì, ẹ kú ọjà o! Mo mú ìkíni wá látọ̀dọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun!

ÌYÁ ONÍYÁN: Ṣé wọ́n fi owó mi rán ọ ni?

AMBÁSÁDỌ̀: Owó wo, Mọ́mì?

ÌYÁ: Iyán ọjọ́ Ẹtì. Iyán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹran ìgbẹ́ méjì tó o ní kí n fi kún un, pé àlejò ń bọ̀. Àlejò wo? Ìwọ nìkan lo jẹ méjèèjì, mò ń wò ọ́ láti ẹ̀yìn ìkòkò.

AMBÁSÁDỌ̀: Ẹ jẹ́ ká fi ti ọbẹ̀ sílẹ̀ ná. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti 2006 ni wọ́n ti dá ilé-ìwé wa sílẹ̀?

ÌYÁ: Láti 2006! Gbèsè mi ò gbọdọ̀ dàgbà tó bẹ́ẹ̀ o.

AMBÁSÁDỌ̀: Ọgbà mẹ́fà la ní! Òṣogbo, Òkukù, Ìkirè, Èjìgbò, Ifẹ̀tẹ̀dó, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà!

ÌYÁ: Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èwo lowó mi wà?

ỌLỌ́KADÀ (ó ń jẹun lọ́wọ́): Kò lè jẹ́ Ìpetu. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kì í fi owó olówó ṣeré.

AMBÁSÁDỌ̀: Bọ̀dá, ẹ má dá sí i. Mọ́mì, Èjìgbò la ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

ÌYÁ: Iṣu tí mo gún fún ọ, ṣé Èjìgbò ni wọ́n ti fi ta mí lọ́rẹ? Owó ni mo fi rà á! Ṣé o mọ iye tí iṣu mẹ́ta ń jẹ́ báyìí? Tó o bá gbọ́ iye rẹ̀, wàá yó láìjẹun.

AMBÁSÁDỌ̀: Ifẹ̀tẹ̀dó la ti ń kọ́ òfin...

ÌYÁ: Hẹn-ẹn! Ibẹ̀ ni màá ti lọ gba lọ́yà.

ỌLỌ́KADÀ: Màá gbé yín lọ, Ìyá. Mi ò ní gbowó, ẹ ṣáà bá mi fi ṣàkì kan sí i.

ÌYÁ: Ìwọ gan-an, kí lò ń kà níbẹ̀?

AMBÁSÁDỌ̀: Èmi... Òkukù ni mo wà, Mọ́mì.

ÌYÁ: Mi ò bi ọ́ léèrè ìlú. Kí lò ń kà?

AMBÁSÁDỌ̀ (wúyẹ́wúyẹ́): Akántìn.

(Iyán há Ọlọ́kadà lọ́fun. Wọ́n sáré bu omi fún un.)

ỌLỌ́KADÀ: Akántìn! Ikú ò bá pa mí sórí àwo!

AMBÁSÁDỌ̀: Kò yé yín ni. Nínú ìwé owó, ọ̀tún wà, òsì wà. Lọ́dọ̀ tèmi, gbèsè ni. Lọ́dọ̀ tiyín, ohun ìní ni! Bí mo ṣe ń jẹun yẹn, dúkìá yín ló ń pọ̀ sí i!

ÌYÁ: Kó dúkìá mi wá kí n fi ra epo.

AMBÁSÁDỌ̀: Mọ́mì...

ÌYÁ: Èló ni wọ́n ń san fún ọ lórí iṣẹ́ àfọwọ́pínwèé yìí?

AMBÁSÁDỌ̀: Kì í ṣe towó, iṣẹ́ ìfẹ́ ni. Mo gba tíṣáàtì. (Ó dákẹ́ díẹ̀.) Mo gba fìlà náà. Tí mo bá ya fọ́tò níbí, màá gbé e sórí Facebook, ìkòkò yín á hàn lẹ́yìn mi!

ÌYÁ: Ìkòkò mi ò fẹ́ gbajúmọ̀.

ỌLỌ́KADÀ: Bó bá jẹ́ yunifásítì Ifẹ̀ lọmọ tèmi fẹ́ lọ ńkọ́?

AMBÁSÁDỌ̀ (inú bí i): Ìjọba àpapọ̀ ti gba ìyẹn láti 1975! Ti ìpínlẹ̀ ẹni là ń gbé lárugẹ!

ÌYÁ: Ti ìpínlẹ̀? Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà nílùú yìí náà ti di yunifásítì, ti ìpínlẹ̀ ni. Àwọn ò sì jẹ mí lówó.

(Ìyá gbá ìró mọ́dìí, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà gbọnrangandan. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ẹ má bi mí ní kí ló dé.)

ỌLỌ́KADÀ: Yéè! Ó ti lóṣòó! Ambásádọ̀, ó parí. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn kì í dìde láìgbowó.

AMBÁSÁDỌ̀: Mọ́mì, ẹ dìde, orúnkún á dùn yín.

ÌYÁ: Orúnkún kì í dùn wá nídìí owó.

AMBÁSÁDỌ̀: Ẹ gba fìlà yìí dání, ẹ gba ìwé yìí náà. Mò ń bọ̀ báyìí báyìí.

(Ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná bẹ́ jáde. Ajá tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, obìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ wọlé. Fìlà ti wà lórí Ìyá.)

OBÌNRIN: Ẹ kú ọjọ́ mà. Wọ́n ní ẹni tó ń polówó yunifásítì wà níbí.

ÌYÁ: Èmi ni. Ọgbà mẹ́fà la ní. Ṣé òfin ló wù ú? Ifẹ̀tẹ̀dó. Ṣé oko ni? Èjìgbò. Ẹ gba ìwé, ẹ jókòó, iyán gbóná.

OBÌNRIN: Ẹ ṣé gan-an mà. Akántìn ló ní òun fẹ́ ṣe.

ÌYÁ (ó gba ìwé rẹ̀ padà): Akántìn? Ẹ kọ́kọ́ sanwó iyán ná.