Àtúnṣe: “1914–1919” kì í ṣe àṣìṣe
Wọ́n ń pín in kiri pé agbẹ́kùúta ló ṣi ọdún kọ sára òkúta ìrántí Ogun Àgbáyé Kìíní ní àwọn abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé “1914–1919” ló wà lára púpọ̀ nínú wọn. Irọ́ ni. Ìbọn dákẹ́ ní 11 Oṣù Kọkànlá 1918 lóòótọ́, àmọ́ 28 Oṣù Kẹfà 1919 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Versailles, nílẹ̀ Faransé. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń kú ní Rọ́ṣíà lọ́dún náà. Ìgbìmọ̀ abúlé ló ń yan ọdún, kì í ṣe ìjọba. Ìdí nìyẹn tí òmíràn fi kọ 1918. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa 1919 rẹ́.