Kì í ṣe orí ẹrù ni Kòrónà gùn wọ ọ̀pọ̀ ilé

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé láti ìgbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, tí kò sì tíì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní. Ìgbàgbọ́ náà ni pé ara ohun tí a rà wọlé ni àrùn Kòrónà ń lẹ̀ mọ́ wọlé, àti pé ẹni tí ó bá ti fi ọṣẹ tàbí omi apakòkòrò nu gbogbo ẹrù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àrùn náà. Láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tí àwọn ará ilé jọ ń mí sínú ni àrùn náà ń bá rìn jù lọ; ipa tí ẹrù kó nínú rẹ̀ kéré gan-an.

Kò sí ẹni tí ó la ìgbà náà kọjá tí yóò gbàgbé bí ó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó yan ẹnì kan ṣoṣo láti máa jáde lọ rajà. Bí ẹni náà bá dé, kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ bàtà, tí ẹlòmíràn yóò sì gbé korobá omi ọṣẹ àti àkísà pàdé rẹ̀. Wọn a mú agolo, ike àti páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a nu ìdérí, wọn a nu ẹ̀gbẹ́, wọn a dojú rẹ̀ délẹ̀ kí wọ́n lè nu ìdí, títí tí páálí yóò fi rọ̀ tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sílẹ̀. Àwọn mìíràn a kó gbogbo rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan fún odidi ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Awọ ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí a máa gbẹ, a máa là láàárín ìka, omi ọṣẹ a sì máa ta á níbẹ̀. Léjìká obìnrin ni iṣẹ́ náà sábà máa ń já sí, lẹ́yìn tí ó ti dáná, tí ó ti fọṣọ, tí ó sì ti jókòó ti àwọn ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà ní títì.

Ìgbàgbọ́ náà kò ṣàdédé hù, n kò sì ní bú ẹni tí ó gbà á gbọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, The New England Journal of Medicine, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ìṣègùn, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi kòkòrò àrùn náà sí orí oríṣìíríṣìí nǹkan láti mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó láàyè. Lórí bàbà, wọn kò rí èyí tí ó yè lẹ́yìn wákàtí 4. Lórí páálí, wọn kò rí i mọ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Ṣùgbọ́n lórí ike, wọ́n ṣì rí i nígbà tí ó pé wákàtí 72. Ọjọ́ mẹ́ta orí ike yìí ni ìròyìn gbé káàkiri ayé, òun náà sì ni ó mú kí àwọn ènìyàn máa kó ẹrù pamọ́ sí kọ̀rọ̀.

Ohun tí ìròyìn kò gbé káàkiri ni pé ní nǹkan bíi wákàtí méje méje ni iye kòkòrò orí ike ń dín sí ìdajì, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta fi pé, èyí tí ó ṣẹ́kù kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún kan. Pé a ṣì rí kòkòrò níbì kan yàtọ̀ sí pé ó tó láti kó àìsàn ran ènìyàn. Nínú ìwádìí yẹn kan náà sì ni wọ́n ti fọ́n kòkòrò náà sínú afẹ́fẹ́, tí ó sì yè ní gbogbo wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fi ṣọ́ ọ. Ó ń dùn mí pé ọ̀rọ̀ ike ni gbogbo wa gbọ́, tí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kò sì wọ̀ wá létí.

Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2020, Emanuel Goldman, onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn ní yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú The Lancet Infectious Diseases, ìwé àtìgbàdégbà mìíràn fún àwọn onímọ̀ ìṣègùn, pé àwọn ènìyàn ti bẹ̀rù ohun tí a ń fọwọ́ kàn ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé iye kòkòrò tí wọ́n ń lò nínú irú àwọn ìwádìí bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ẹni tí ó wúkọ́ tàbí tí ó sín lè fi sílẹ̀ lórí nǹkan lọ fíìfíì. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí kòkòrò náà gbọ́dọ̀ tọ̀. Ẹni tí ó ní àrùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wúkọ́ lé páálí náà, kí kòkòrò tí ó bọ́ síbẹ̀ sì pọ̀, kí ó má kú nígbà tí itọ́ náà bá gbẹ, kí ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni tí ó gbé páálí, kí ẹni náà fi ọwọ́ ọ̀hún kan imú, ẹnu tàbí ojú kí ó tó fọ̀ ọ́, kí èyí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ sì tún pọ̀ tó láti gbilẹ̀ nínú ara. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú kòkòrò náà ti ṣòfò. Nígbà tí CDC, àjọ tí ó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ṣírò ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, wọ́n ní bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ohun tí kòkòrò wà lára rẹ̀ pàápàá, bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé yóò kó àrùn níbẹ̀ kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 10,000.

Afẹ́fẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ń mí, tí ó ń sọ̀rọ̀, tàbí tí ó ń kọrin, ẹ̀kán itọ́ tí ojú kò lè rí ń jáde láti ẹnu àti imú rẹ̀. Àwọn tí ó tóbi a bọ́ sílẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n àwọn tíntìntín a máa fò káàkiri yàrá bí èéfín sìgá. Bí fèrèsé bá wà ní títì, wọn a máa pọ̀ sí i ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2020, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 61 nínú ẹgbẹ́ akọrin kan pàdé fún nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ láti kọ́ orin, ẹnì kan sì wà láàárín wọn tí ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tí àwọn elétò ìlera ka iye àwọn tí ó ṣàìsàn, tàbí tí ó dàbí ẹni pé àrùn náà ni ó ṣe wọ́n, wọ́n jẹ́ 53, méjì nínú wọn sì kú. Àwọn onímọ̀ tí ó padà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò rí i pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n jọ mí nínú gbọ̀ngàn náà ni ó ṣeé ṣe jù pé ó kó o ràn wọ́n.

Àwọn aláṣẹ ìlera náà ní ìpín tiwọn nínú àṣìlóye yìí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde fún gbogbo ayé pé àrùn náà kì í gba inú afẹ́fẹ́ ràn. Ní oṣù Keje ọdún náà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì 239 fọwọ́ sí ìwé kan láti rọ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹ̀ wò. Oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni àjọ náà tó tún àlàyé tí ó ń ṣe fún aráàlú kọ láti fi hàn kedere pé ènìyàn lè kó àrùn náà bí ó bá mí afẹ́fẹ́ tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan nígbà náà tí àwọn ènìyàn ti ń nu agolo.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé nìyẹn: a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. A nu ẹrù tán lẹ́nu ọ̀nà, a wá wọlé, a ti fèrèsé, gbogbo wa sì jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹni tí ó ti ń wúkọ́ láti àná. Àwọn onímọ̀ kan kó àbájáde ìwádìí 54 jọ nípa bí àrùn náà ṣe ń ràn láàárín ará ilé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìparí ọdún 2020. Nínú àwọn ará ilé 100 tí ó ń gbé pẹ̀lú aláìsàn, nǹkan bíi 17 ni ó kó o. Ṣùgbọ́n láàárín tọkọtaya, ó tó nǹkan bíi 38 nínú 100. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé, ẹrù kan náà ni wọ́n sì jọ ń fọwọ́ kàn. Ẹni tí ó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn ni ó ń mí èémí rẹ̀ ní gbogbo òru.

Ohun tí ó lè ran irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò nílò korobá. Kí a ṣí fèrèsé tí ó kọjú sí ara wọn kí atẹ́gùn lè wọlé kí ó sì jáde. Kí aláìsàn sùn sí yàrá ọ̀tọ̀ bí yàrá bá wà, kí ó lo ìbòmú bí ó bá máa bọ́ sáàárín àwọn yòókù. Kí ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ náà lo tirẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù tí ó kàn ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá tí ó sì ń dá a padà sínú yàrá kan náà kò rọ́pò fèrèsé.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí a ṣe méjèèjì pọ̀. Ó burú, nígbà tí ohun tí a fi ń nu nǹkan bá jẹ́ májèlé. Nínú ìwádìí tí CDC ṣe láàárín àgbàlagbà 502 ní Amẹ́ríkà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nǹkan bíi ènìyàn 39 nínú 100 ni ó ti ṣe ohun kan tí ó léwu pẹ̀lú àwọn nǹkan ìmọ́tótó nítorí ìbẹ̀rù àrùn náà, nǹkan bíi 19 nínú 100 sì ti fi bílíìṣì fọ ohun jíjẹ. Bí a bá da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà, afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde láti ara rẹ̀, tí yóò sì máa jó ènìyàn ní ojú àti ọ̀nà ọ̀fun. Ọṣẹ pàápàá kò yẹ lára èso àti ewébẹ̀, nítorí pé ó lè wọ inú wọn, kí ó sì máa yọ ikùn lẹ́nu. Omi tí ó mọ́ tó fún wọn.

Ọwọ́ fífọ̀ kò sí nínú ohun tí mo ń bá jà. Ó ń dènà ìgbẹ́ gbuuru àti ọ̀pọ̀ àrùn mìíràn, ó sì yẹ kí a máa fọ ọwọ́ bí a bá ti ìta dé, kí a tó jẹun àti lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, yálà àjàkálẹ̀ àrùn wà tàbí kò sí.

Àwọn tí mo ń rò jù bí mo ṣe ń kọ èyí ni àwọn tí òbí tàbí ìyàwó tàbí ọkọ wọn kú nígbà náà, tí wọ́n sì ń sọ lọ́kàn ara wọn pé ẹrù tí àwọn gbé wọlé láìnù ni ó pa ẹni náà. Ẹ̀rí tí ó wà lónìí kò ti èrò yẹn lẹ́yìn. Ènìyàn lè máa mí kòkòrò náà jáde fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ara rẹ̀ tó gbóná, láìmọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe òun, kí ó sì jókòó ti ẹni tí ó fẹ́ràn jù, kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ní ìgbà tí àwọn aláṣẹ gan-an ń sọ fún wa pé kò sí nínú afẹ́fẹ́, kò sí bí ẹni tí ó wà nínú ilé ṣe lè mọ èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ru ẹ̀bi páálí tí a kò nù.