Àtúnṣe: Wáàtì 5 kì í ṣe ohun ìṣeré

Ẹni tó kọ ọ́ pé rédíò tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò nílé láti fi ránṣẹ́ kò lè dún kọjá àdúgbò, àfi tó bá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáàtì, ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Wáàtì 5 péré lórí 7 MHz (ìyẹn ìgbì rédíò tó ń mì nígbà mílíọ̀nù méje ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ń ti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Ìpele kan wà lókè réré, ionosphere, tó ń dá ìgbì rédíò padà sílẹ̀ níbi tó jìnnà. Lọ́sàn-án, ó lè dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Lálẹ́, ó máa ń jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá pẹ̀lú kóòdù Morse, ìyẹn fífi ìró kúkúrú àti gígùn dúró fún lẹ́tà.

Eriali gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Wáyà bàbà bíi mítà 20, tí ẹ gé sí méjì lọ́gbọọgba, tí ẹ gbé kọ́ sókè dáadáa, sàn ju kí ẹ máa náwó lórí agbára lọ.

Ibi tí ẹni yẹn ti sọ òótọ́ ni pé rédíò àfọwọ́ṣe lè da ẹlòmíràn láàmú. Bí kò bá sí asẹ́ tó ń dí ìgbì tí a kò fẹ́, ohun tí ẹ ń rán lórí 7 MHz á máa yọjú lórí 14 àti 21 MHz. Kọ́ìlì àti kapásítọ̀ mélòó kan ni asẹ́ ọ̀hún, kò wọ́n. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì láti ránṣẹ́, ẹ gba ìwé àṣẹ rédíò.