Ẹ yé fi àwọ̀ nìkan dá ẹyẹ mọ̀

Ẹnì kan tún ti gbé fọ́tò ẹyẹ síta láti ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ọbáńtokò l'Ábẹ́òkúta, ó ní irú ẹyẹ wo nìyí. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dá a lóhùn: "Àwọ̀ rẹ̀ ni kí o wò, àwọ̀ la fi ń mọ ẹyẹ." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun. Àdúrà nìyẹn, ó sì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n a kì í fi wá ẹyẹ. Lékèélékèé tó lẹfun yẹn gan-an, bí àsìkò àtiyé ẹyin bá dé, orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ á pupa rúsúrúsú. Ẹyẹ funfun mìíràn sì wà tó máa ń dúró nínú omi létí odò Ògùn, àgógó ẹnu rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yẹ́lò. Ìyẹn kì í ṣe lékèélékèé. Ẹja ló ń wá, kò bá màlúù lọ síbì kankan.

Ẹ wá wo ẹ̀gà, ẹyẹ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni l'Ábẹ́òkúta. Ẹ dúró sábẹ́ ọ̀pẹ tí wọ́n ti ya ewé rẹ̀ tán. Akọ ló ń hun ìtẹ́: orí dúdú, ojú pupa, ikùn yẹ́lò, ẹ̀yìn kàlákàlá. Bó bá hun ún tán, á so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, á dorí kodò, á máa gbọn apá, á máa pariwo kí abo lè wá yẹ ilé wò. Abo tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́? Kò sí dúdú lórí rẹ̀ rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú bí ewé tó fẹ́ gbẹ. Ẹ rí i lóun nìkan lórí ògiri, ẹ ó ní àlejò ni. Bí àsìkò ìyé bá sì kọjá, akọ náà á pàwọ̀ dà, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ abo. Ẹyin wọn pàápàá kò láwọ̀ kan: òmíràn funfun, òmíràn bí aró tó fọ́, òmíràn ní tótòtó. Ohun tí kò yí ni àgógó tó kúrú, tó ki nídìí, tó ṣóńṣó níwájú, àgógó ajẹkà, àti ara tí kò ju sẹ̀ńtímítà 15 sí 17 lọ. (Abo ẹ̀gà oríṣiríṣi jọra o, mo gbà, a kì í fìgbà gbogbo rí wọn yà láti òkèèrè.)

Oòrùn náà ń tan ni. Ẹyẹ tín-ńtín ẹlẹ́nu kọdọrọ tó ń fa omi òdòdó, dúdú ni lábẹ́ òjìji. Ẹ jẹ́ kó yíra pa dà sínú oòrùn, á máa kọ mànà. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta lára ìyẹ́ ni. Ẹyẹ tó bá sì gba iwájú oòrùn, dúdú lẹ ó rí, ohun yòówù kó jẹ́.

Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ mú: ṣé ó tó ológoṣẹ́, àdàbà, ẹyẹlé tàbí kannakánná? Merlin pàápàá, áàpù tí wọ́n fi ń dá ẹyẹ mọ̀ lórí fóònù, ìwọ̀n ló ń bèèrè kó tó kan àwọ̀. Lẹ́yìn náà, àgógó. Lẹ́yìn náà, ìrù àti ìrìn: ológoṣẹ́ ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tọ, àdàbà ń rìn, ó ń mi orí; àkókó ń lẹ̀ mọ́ igi, á fi ìrù ti ara rẹ̀; ẹlúlùú ń sá kiri nídìí igbó, ìrù rẹ̀ gùn, ó fẹ̀. Nígbà náà ni kí àwọ̀ tó dé, kí ẹ sì sọ ibi tó wà: orí ni àbí apá, àyà àbí ìdí.

Bí ẹ bá máa ya fọ́tò, ẹ kẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹ ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá bà sórí ògiri tí wọn ò tíì rẹ́, ẹ jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù hàn nínú fọ́tò. Gígùn búlọ́ọ̀kù jẹ́ íńṣì 18: kannakánná á gbà á tán, àdàbà á lé díẹ̀ ní ìdajì rẹ̀.