Igi kì í di dáàmù mú o
Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, fóìsì nóòtù tẹ́ ẹ̀ ń fọ́wáàdù kiri pé ká má gé igi orí dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ torí gbòǹgbò ẹ̀ ló dì í mú, irọ́ ni jàre. Tígi bá kú gbòǹgbò á jẹrà, á di ihò, omi á gbabẹ̀ máa kó yẹ̀pẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan lókè. Koríko tí wọ́n ń gé mọ́lẹ̀ ló yẹ ibẹ̀. (Ẹ má lọ fa igi ńlá tu fúnra yín ṣá o, ẹ pe ẹnjiníà.) Ẹni tó sọ pé dáàmù adágún ìgbafẹ́ kékeré ò lè pààyàn ńkọ́? Dáàmù kékeré oníyẹ̀pẹ̀ ni Kelly Barnes ní Georgia, Amẹ́ríkà, ó já lóru ní 1977, èèyàn 39 ló kú. Tómi tó ń jò nídìí dáàmù yín bá ti dà bí ẹrẹ̀, ẹ sá kúrò nísàlẹ̀ ibẹ̀.