Àtúnṣe: Ajá kì í wo ìṣarán sàn
Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp láàárín àwa Yorùbá Àbújá: pé bí àgbàlagbà tó ń ṣarán bá ní ajá nílé ìtọ́jú arúgbó, iyè rẹ̀ á sọjí. Irọ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ti kú kì í jí. Ajá lè pẹ̀tù sí wọn lọ́kàn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe kékeré.

Àmọ́ ẹ má fi ajá síkàáwọ́ wọn. Wọ́n lè bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n gbàgbé omi, wọ́n sì lè fẹsẹ̀ kọ okùn rẹ̀ ṣubú. Kí wọ́n jókòó, kí òṣìṣẹ́ di okùn mú. Ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò gbọdọ̀ wọlé. Bí ajá èyíkéyìí bá bù wọ́n jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé wọn lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà.